Ta ni àwọn onígìtá Hawaii inú fọ́tò ìdílé ọkọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ ibẹ̀ ni ọkọ mi. Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù ìyá rẹ̀ tó dolóògbé mọ́, a rí fọ́tò kan tí wọ́n tẹ̀ sórí káàdì ìfìwéránṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n sì fi òdòdó kọ́rùn. Ọ̀kan jókòó, ó tẹ́ gìtá kan tó ń dán bí àwo fàdákà lé itan rẹ̀. Lẹ́yìn káàdì náà, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ "Euclid Beach", wọ́n wá fi báírò kọ "Sam K." sí abẹ́ rẹ̀. Ní igun tí wọ́n ń lẹ sítáǹpù mọ́, wọ́n tẹ AZO síbẹ̀ pẹ̀lú àmì onígun mẹ́ta mẹ́rin, méjì kọjú sókè, méjì kọjú sílẹ̀. Àwọn ẹbí ń sọ pé ará Hawaii tó gbajúmọ̀ ni onígìtá náà, àti pé bàbá bàbá ọkọ mi ló dúró lọ́wọ́ ọ̀tún. Báwo la ṣe lè mọ orúkọ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹrù àwọn àgbà, mà. Fọ́tò àtijọ́ ni iṣẹ́ mi, ohun tí ẹ sì kọ sínú lẹ́tà yín pọ̀ ju bí ẹ ti lè rò lọ. Ojú ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n òun ni èmi máa ń wò gbẹ̀yìn, nítorí pé ojú a máa jọra, ẹni tí a bá sì ń retí láti rí ni a sábà máa ń rí. Káàdì, gìtá àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì kò mọ ẹni tí à ń wá, ìdí nìyí tí ẹ̀rí wọn fi ṣeé gbára lé. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọdún ná, kí a tó wá orúkọ lọ.

AZO jẹ́ orúkọ bébà fọ́tò tí àwọn onífọ́tò Amẹ́ríkà máa ń lò fún irú káàdì yìí. Àwọn tó ń kó káàdì wọ̀nyí jọ ti fi ọjọ́ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù sára ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wéra, wọ́n sì gbà pé èyí tí onígun mẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kọjú sókè jẹ́ ti nǹkan bí 1904 sí 1918, pé èyí tí méjì kọjú sókè tí méjì kọjú sílẹ̀ jẹ́ ti 1918 sí 1930, àti pé èyí tó ní onígun mẹ́rin kéékèèké ní igun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1925. Tiyín bọ́ sí àárín. Ẹ má gbàgbé pé ìgbà tí wọ́n ṣe bébà ni àmì yìí ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Onífọ́tò lè ra bébà kó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fún ọdún bíi méjì kó tó lò ó tán.

Gìtá yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Títẹ́ gìtá lé itan, kí a máa fi irin fa ohùn jáde lára okùn rẹ̀ dípò kí a máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, Hawaii ni àṣà náà ti wá. Joseph Kekuku, ọmọ ìlú Laie ní erékùṣù Oahu, tí wọ́n bí ní 1874, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan dárúkọ James Hoa, àwọn mìíràn sì dárúkọ Gabriel Davion. Kekuku fi Hawaii sílẹ̀ ní 1904, ó sì ń kọrin kiri Amẹ́ríkà. Àmọ́ ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní San Francisco ní 1915, níbi tí àwọn olórin Hawaii ti ń ṣeré fún èrò ní ilé àfihàn tiwọn, ló tan iná ìfẹ́ orin yìí káàkiri. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ olórin Hawaii ti ń wọ ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ gìtá tí Demola Adepoju ń lù nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, èyí tó máa ń fa ohùn bí ẹni tó ń dárò, ẹ ti gbọ́ ọmọ-ọmọ gìtá orí itan yìí.

Gìtá onígi kì í dún tó ní gbọ̀ngàn tí èrò bá kún. Nítorí èyí ni John Dopyera àti George Beauchamp fi gbé gìtá onírin jáde ní Los Angeles, lábẹ́ orúkọ National, ní 1927. Àwo alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ikùn rẹ̀ tó ń gbé ohùn náà sókè. Ẹ mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ wo àárín gìtá náà. Bí ẹ bá rí irin kan tó rí bíi lẹ́tà T lórí ibi tí okùn ti sọdá, tí ihò sì wà lápá òkè rẹ̀ bí fèrèsé aláwọ̀n, òun gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ àwo róbótó kan ṣoṣo ni ẹ rí láìsí T, ọdún 1928 ni irú èyí bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, fọ́tò yín kò lè ju ọdún 1927 lọ sẹ́yìn, bébà rẹ̀ kò sì jẹ́ kó kọjá 1930 púpọ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni a ó máa wá inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ igi tí wọ́n kùn ní fáníìṣì ló ń dán bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé padà sí mi, nítorí pé a ó tún ìṣirò náà ṣe.

Bí ẹ ti mú awò lọ́wọ́, ẹ wo ọwọ́ onígìtá náà. Ọwọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn fi ń di irin mú, wọn a sì ki òrùka bọ àtàńpàkò àti ìka ọwọ́ ọ̀tún láti fi ta okùn. Bí irin bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ wo bọ́tìnì ẹ̀wù gbogbo wọn: tí òun náà bá yí padà sí ọwọ́ kejì, a jẹ́ pé onífọ́tò ló dojú fíìmù dé nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, àti pé ẹni tí ẹ̀ ń pè ní ẹni ọwọ́ ọ̀tún, òsì ló dúró sí. Mo ti rí i tí ìdílé kan fi orúkọ bàbá wọn pe ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí irú àṣìṣe yìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì. Pẹ́ńsùlù lè jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, Euclid Beach sì jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ gidi tó wà létí adágún Erie ní Cleveland títí wọ́n fi tì í ní 1969, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn bá ibi tí ẹ ti rí káàdì mu. Báírò kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹwàá 1945 ni wọ́n kọ́kọ́ ta báírò fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn fọ́tò yín. Ẹni tó kọ "Sam K." fi ìrántí kọ ọ́ ni, tàbí ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì sọ èwo nínú àwọn mẹ́rin ni Sam. Ẹ má sì jẹ́ kí K yẹn dá yín lójú. Kọ́ńsónáǹtì èdè Hawaii kò pọ̀ rárá, "ka" àti "ke" sì ni wọ́n máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí náà àìlóǹkà ìdílé ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan kọ "Ṣọlá A." sẹ́yìn fọ́tò ní Ìbàdàn, tí ó ní kí a lọ wá ẹni náà.

Ǹjẹ́ ará Hawaii tilẹ̀ ni wọ́n? Òdòdó ọrùn àti aṣọ funfun kò lè dá ìbéèrè yìí lóhùn, nítorí pé ìmúra ẹnikẹ́ni tó bá ń lu orin náà nìyẹn. Cleveland yín gan-an ni ilé iṣẹ́ Oahu Publishing Company wà nígbà kan rí, tó ń ta gìtá àti ìwé ẹ̀kọ́ orin Hawaii káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ìlú náà lásán sì ń kọ́ ọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo ti gba fọ́tò kan rí tí ìdílé kan ń pè ní ẹgbẹ́ olórin láti Honolulu. Nígbà tí mo fi awò wò ó, òdòdó bébà ni, ìdúró ìwé orin kan náà wà níwájú oníkálukú, àwọn ọmọdé sì wà láàárín wọn: kíláàsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní ti fọ́tò yín, gìtá National aláwo mẹ́ta ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ nígbà náà, owó ńlá sì ni, nítorí náà bó bá jẹ́ òun ni, mo rò pé ẹni tó jókòó yẹn ń fi orin jẹun. Nípa àwọn mẹ́ta yòókù, n kò ní fọwọ́ sọ̀yà.

Nípa pé ó gbajúmọ̀, a lè yọ àwọn kan kúrò. Kekuku ti lé ní àádọ́ta ọdún ní 1927. Bí onígìtá yín bá jẹ́ ọ̀dọ́, kì í ṣe òun. Tau Moe, onígìtá orin Hawaii mìíràn tó lókìkí, àti ìyàwó rẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ kan kọjá sí Éṣíà ní nǹkan bí 1928. Sol Hoopii, tí wọ́n bí ní 1902, tó sì ń lu gìtá National, ni ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu, ṣùgbọ́n Los Angeles ló fi ṣe ibùdó. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ níta. Bí ẹ bá fẹ́ fi wéra, etí ni kí ẹ wò, bí ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti bí igun rẹ̀ ti rí, nítorí pé irun àti ẹ̀rín a máa tan ni jẹ.

Ibi tí mo ní ìrètí jù ni ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti oṣù Kẹrin 1930. Wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti bí oníkálukú àti iṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ṣeé wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì fún ìwádìí ìtàn ìdílé. Ẹ yan Hawaii gẹ́gẹ́ bí ibi ìbí, Ohio gẹ́gẹ́ bí ibùgbé, kí ẹ wo àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ olórin. Ẹ má wá Sam nìkan, nítorí pé orúkọ orí ìtàgé kì í sábà bá ti ìwé ìjọba mu: Apuakehau ni orúkọ ìdílé Kekuku. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ilé ìkàwé ìjọba ní Cleveland, kí ẹ wo ìwé ìròyìn ìlú náà láti 1927 sí 1930, pàápàá ìpolówó Euclid Beach nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ètò orí rédíò, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ olórin. Bí ẹ bá rí orúkọ ẹgbẹ́ kan tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, àkójọ ìsọfúnni lórí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí Yunifásítì California ní Santa Barbara gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dárúkọ àwọn tó lu ohun èlò.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ fi síkánà ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì náà ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó), kí ẹ fi sínú àpòòwé bébà tí kò ní ásíìdì, ẹ má sì kọ ohunkóhun sí i lára mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ọkọ yín kan bá ṣì wà láyé, ẹ gbé ẹ̀dà fọ́tò náà lọ bá a, iwájú nìkan. Ẹ má dárúkọ Sam, ẹ má sì sọ èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ bàbá bàbá ọkọ yín. Ẹ kàn bi í pé àwọn wo nìyí, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.