Kí ẹ tó da òróró lé èsìsì yín, ṣé ewé náà ti gbẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti já èsìsì wálé láti inú igbó, ẹ fẹ́ rẹ ẹ́ sínú òróró, ẹ wá ń béèrè bóyá inú oòrùn lẹ máa gbé ìgò náà sí àbí kẹ́ ẹ fi iná díẹ̀ mú un gbóná. Mò ń bọ̀ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n béèrè tèmi: ṣé ewé yẹn ti gbẹ? Torí ibẹ̀ gan-an ni ojú mi ti rí màbo.

Mo sanwó fún ẹnì kan kó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ó ní ewé tútù ló lágbára, pé tó bá ti gbẹ, oore rẹ̀ ti lọ. Mo gbà á gbọ́. Mo já èsìsì láàárọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, mo tún fi omi ṣàn án, mo gbọ̀n ọ́n, mo gé e wẹ́wẹ́, mo kì í sínú ìgò, mo da òróró ólífì lé e dé ẹnu, mo sì dé e pinpin. Ó tutù lójú, ó ń dán. Ní ọjọ́ kẹta mo rí ìfófòó kéékèèké tó ń gòkè lára ìgò, mo rò pé agbára ewé ló ń jáde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ìkán omi ti so mọ́ abẹ́ ìdérí, ìsàlẹ̀ ìgò ti dà rú bí omi ọṣẹ, ewé tó yọrí sókè sì ti bu, ó hu irun funfun. Bí mo ṣe ṣí i, ó mí jáde, ṣìì! Òórùn gọ́tà ló gba gbogbo ilé.

Èyí tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi ni pé mo ti bù díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà, mo fi pa orúnkún ìyá mi, torí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, orúnkún pọ́n, ó sú wínníwínní, wọn ò lè fi aṣọ bò ó. Mo jókòó tì wọ́n di àfẹ̀mọ́jú, mò ń fi aṣọ tútù lé e.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ mi, ó ní ọwọ́ mi ló dọ̀tí. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera, ó ní kí n má ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé mọ́, ó sì kọjú sí fóònù rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Kò sí ẹni tó la ẹnu sọ pé omi ni.

Omi inú ewé máa ń jáde sínú òróró, kì í bá a pò, á fi ìsàlẹ̀ ṣe ibùgbé. Inú omi yẹn ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i. Òróró tó bò ó kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ibi tí kò ní afẹ́fẹ́ tí kò sì kan lẹ́nu ni kòkòrò olóró tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum fẹ́ràn. Oró rẹ̀ lè wà nínú òróró tó mọ́ lójú tí kò rùn rárá. Síse lásán ní 100°C kì í pa irúgbìn líle tí kòkòrò náà máa ń ní, àfi 121°C nínú ìkòkò onídèérí pinpin tó ń há ooru omi mọ́ inú (pressure cooker). Nítorí náà, òróró ewé tútù tó ti wà níta lọ́jọ́ púpọ̀, ẹ má fi í sí oúnjẹ láéláé. Tó bá jẹ́ ti jíjẹ lẹ fẹ́, inú fíríìjì ni kó wà, kẹ́ ẹ sì lò ó tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kán fítámì E sí i, pé kò ní bàjẹ́. Irọ́ ni. Kí òróró má tètè dàgbà, ìyẹn kó má yí òórùn padà, ni fítámì E wà fún, kì í pa kòkòrò.

Orí ewé tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò tíì yọ òdòdó, ni kẹ́ ẹ já. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, apá aṣọ gígùn, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ má já ti ẹ̀gbẹ́ títì tàbí ibi tí wọ́n fín oògùn sí. Tó bá ta yín, ẹ má fọwọ́ ra á, torí irun rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ dígí tó ní oró nínú, ẹ ó kàn tún máa tì í wọlé ni. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́.

Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ sá a sí, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ máa yí i lójoojúmọ́. Ewé máa ń tètè gbẹ, àmọ́ igi rẹ̀ máa ń tanni jẹ: ewé á ti máa rún wómúwómú lọ́wọ́, igi ṣì ń tẹ̀. Èmi máa ń yọ igi dànù pátápátá báyìí. Tó bá ti gbẹ táútáú, kì í ta mọ́.

Oòrùn àbí iná tẹ́ ẹ béèrè: ẹ má gbé e sóòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ń mú òróró dàgbà, ooru ọ̀sán àti òtútù òru sì ń mú kí omi tó kù so sábẹ́ ìdérí. Ìwọ̀n ewé gbígbẹ kan sí ìwọ̀n òróró márùn-ún, kí òróró bo ewé. Ẹ gbé ìgò sínú omi gbígbóná lórí iná kékeré, kó wà láàárín 40 sí 60°C fún bíi wákàtí mẹ́ta. Tí ẹ kò bá fẹ́ lo iná, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò mọ́jú, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa bóyá omi wà níbẹ̀. Ìgò tẹ́ ẹ máa rọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ ti gbẹ láti àná.

Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi sí ojú egbò. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó máa jẹ ewé èsìsì, torí fítámì K inú rẹ̀ pọ̀.

Ẹ lọ mú igi ewé kan nínú èyí tẹ́ ẹ já wálé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá ṣẹ́ páà, ẹ má tíì ṣí òróró.