Ṣé bẹ́líìtì ọkọ̀ lè de ọlọ́pàá mọ́lẹ̀ níwájú adigunjalè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọlọ́pàá ni ọkọ mi, òun ni ó sì ń wa Hilux tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀nà láàárín Ọ̀fà àti Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ wọn lọ kọlu ẹ̀yìn tírélà kan tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà lóru láìtan iná. Bẹ́líìtì wà lára ọkọ mi lọ́jọ́ náà. Eegun rẹ̀ kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú bẹ́líìtì náà hàn ní dúdú láti èjìká òsì títí dé ìbàdí ọ̀tún, ó sì máa ń dùn ún bí ó bá mí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ pé bẹ́líìtì ni ó ṣe òun léṣe, pé kò yẹ kí ọlọ́pàá máa so ó rárá, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ lè fò bọ́ sílẹ̀ bí adigunjalè bá yọ. Ó ti ra irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kì bọ ojú ìdè rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà máa ké mọ́. Ẹnì kan sì ń bá a fi òrí gbígbóná wọ́ àyà. Òróró wo ni ó dára jù fún ojú ibi tó dúdú yìí? Ṣé òótọ́ sì ni pé òfin yọ ọlọ́pàá sílẹ̀? Èmi ni ìyàwó ọlọ́pàá, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ kú ewu, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ. N óò yára mú ọ̀rọ̀ òróró kúrò lọ́nà, nítorí pé òun kọ́ ni ó ká mi lára nínú ìwé yín. Ojú ibi tó dúdú yẹn jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dà sábẹ́ awọ, yóò máa yí àwọ̀ padà títí yóò fi lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi òrí pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wọ́ àyà fún un ṣíwọ́ lónìí, nítorí pé bí eegun ìhà bá ti sán, wíwọ́ lè mú kí ó ṣẹ́ pátápátá, kí ó sì gún ẹ̀dọ̀fóró. Ìrora tí ẹ ní ó ń bá a nígbà tí ó bá mí kanlẹ̀ wà lára ohun tí eegun ìhà tó sán máa ń fà, nítorí náà kí ó lọ ya fọ́tò àyà ní ilé ìwòsàn. Bí ojú bẹ́líìtì bá hàn lórí ikùn pẹ̀lú, tí inú ń dùn ún tàbí tí ikùn le, tí ó ń bì, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ọgbẹ́ inú ìfun lè fara pamọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó tó hàn síta. Èmi kò fojú rí i, n kò sì fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo bá kọ síhìn-ín kò lè dípò àyẹ̀wò dókítà tó bá wà níwájú rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá bàálé yín sọ̀rọ̀ gan-an nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á fún un. Ó ní bẹ́líìtì ni ó ṣe òun léṣe. Tírélà ni ó ṣe é léṣe. Ọkọ̀ tó ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọlu ohun tí kò mì, ọkọ̀ náà yóò dúró láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò tíì dúró. Eré tí ọkọ̀ ń bọ̀ ni òun ṣì ń bá lọ síwájú, ohun kan sì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bí kì í bá ṣe bẹ́líìtì, yóò jẹ́ sítíárìn, tàbí gíláàsì iwájú, tàbí ọ̀dà tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà. Fún ọkùnrin tó wọn 80 kìlógíráàmù, agbára tó máa dá a dúró lójijì bẹ́ẹ̀ ju ìwúwo tọ́ọ̀nù kan lọ. Bẹ́líìtì pín agbára náà káàkiri eegun èjìká, igbá àyà àti eegun ìbàdí, tí wọ́n jẹ́ eegun líle. Sítíárìn yóò kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo ní àárín àyà, níbi tí ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara wà. Ìlà dúdú tí ẹ rí lára ọkọ yín ni ipa ọ̀nà tí agbára náà gbà kọjá láìpa á.

Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa láti ọ̀nà Òmù-Àrán àti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, awakọ̀ tó bá ní irú ìlà yẹn lára sábà máa ń bá mi sọ̀rọ̀, á máa kérora, á máa bèèrè àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Awakọ̀ tí èmi kì í lè bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí a bọ́ aṣọ rẹ̀ tí a rí òbìrìkìtì sítíárìn ní àyà rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ọwọ́ méjèèjì ni àwọn yóò fi ti sítíárìn bí ewu bá dé. Kíkọlu nǹkan ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan kò yàtọ̀ sí kí èèyàn já bọ́ láti orí òrùlé ilé tó ga ní mítà 10. Kò sí ọwọ́ tó lè gba irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ dúró.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ fífò bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwáwí lẹ́nu àwọn ọlọ́pàá wa ní gúúsù Kwara. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báǹkì ní Ọ̀fà níbẹ̀, wọ́n pa ọlọ́pàá, wọ́n sì pa ará ìlú. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yẹn lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ajínigbé sì tún wà nínú igbó lọ́tùn-ún lósì, kò jẹ̀bi bí ó bá ń ronú nípa bí òun yóò ṣe tètè jáde nínú ọkọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ní ìdí. Ohun tó ń fi ẹ̀rù náà ṣe ni kò tọ̀nà.

Nils Bohlin ni orúkọ ẹni tó ṣe bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí kọjá, èyí tó wà nínú gbogbo ọkọ̀ lóde òní, fún ilé iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Saab ni ṣíṣe àga tó ń ju awakọ̀ òfúrufú jáde kúrò nínú bàálù ogun tó ti bàjẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn jáde kíákíá ni ó ṣe é, ó sì ṣe é kí èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo so ó, kí ó sì fi ọwọ́ kan tú u. Nínú Hilux tiwa, bọ́tìnnì pupa rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ọ̀tún awakọ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yóò tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ òsì yóò ti okùn náà kúrò ní èjìká, ọwọ́ òsì yẹn kan náà yóò sì ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti fi kọ́ra kì í lò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lọ. Kí ọkọ yín ṣe é nínú ọgbà àgọ́ wọn, nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí ó wọ ẹ̀wù ayẹta rẹ̀, kí ó gbé gbogbo ohun tó máa ń gbé sára, kí ó tún un ṣe nínú òkùnkùn, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà ibẹ̀ láìwò ó. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ni pé kí wọ́n tú bẹ́líìtì nígbà tí ọkọ̀ bá ti rọra débi pé ẹni tó ń rìn lè bá a dọ́gba, tí wọ́n sì ti fẹ́ dúró síbi tí iṣẹ́ wà, kì í ṣe ṣáájú. Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe nígbà tí ìbọn bá ń dún wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ wọn níṣẹ́; n kò ní kọ́ ọlọ́pàá ní iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n kí ó rò ó wò. Ta ni ó lè fò bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yìnbọn sí táyà, tí Hilux sì ti wọ kòtò? Ẹni tí itan rẹ̀ ti ṣẹ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò lè fò. Ẹni tí orí rẹ̀ ti lu gíláàsì tí kò sì mọ ibi tó wà mọ́ kò lè fò, ìbọn rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mú un. Kí ọkọ̀ tó dúró pàápàá, bí awakọ̀ bá yí sítíárìn lójijì láti yẹra fún igi tí wọ́n gbé dí ọ̀nà, ara rẹ̀ yóò sún kúrò lórí àga bí kò bá so nǹkan mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kúrò lórí búréèkì, sítíárìn tó yẹ kí ó máa darí ni yóò wá máa dì mú kí ó má baà ṣubú. Bẹ́líìtì ni ó ń mú un dúró síbi tó ti lè máa wa ọkọ̀ náà lọ kúrò nínú ewu. Àwọn tó sì gbà pé ó sàn kí ọkọ̀ ju èèyàn síta, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ọkọ̀ bá jù síta wà lára àwọn tó ṣòro jù lọ fún wa láti gbà là, nítorí pé ilẹ̀ ni yóò fi orí tàbí ọrùn bà, ọkọ̀ tó ń yí gbirigbiri náà sì lè tẹ̀ ẹ́.

Ìwádìí kan tí àjọ NHTSA, tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé nínú àwọn ọlọ́pàá tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò so bẹ́líìtì. Orílẹ̀-èdè tí ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀daràn nìyẹn, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún léraléra, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa ọlọ́pàá wọn ju ìbọn lọ. Ìfúnpá tàbí òkígbẹ́ tí àwọn kan fi ọkàn tán kò ní dá sí ọ̀rọ̀ sítíárìn.

Kí ó tún ṣàkíyèsí bí ó ṣe ń so ó, nítorí mo fura pé ibẹ̀ ni apá kan ìrora rẹ̀ ti wá. Ẹ̀wù ayẹta nípọn, ó sì máa ń ti bẹ́líìtì sókè sórí ikùn. Apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ etí ẹ̀wù náà kọjá, kí ó jókòó sórí eegun ìbàdí méjèèjì, nítorí pé inú ikùn kò ní eegun tó lè gba agbára yẹn. Kí ó fà á kí ó lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi há àyà kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ okùn èjìká, torí pé bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, rédíò náà ni yóò ṣẹ́ ìhà. Ìbọn tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń fi sáàárín eékún láìdè é yóò fò bí òkò.

Àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn Hilux, tí wọ́n na ẹsẹ̀ síta, kò ní bẹ́líìtì kankan. Níbi tí àyè bá wà nínú ọkọ̀, inú ni kí wọ́n wà. Bí kò bá sí àyè, ẹ̀mí wọn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún awakọ̀. Sáírẹ́nì kì í kúrú ọ̀nà tí búréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró, ọwọ́ tó sì wà lórí fóònù kò sí lórí sítíárìn. Kí ó rọra sáré, pàápàá lóru nígbà tí tírélà tí kò tan iná pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ti òfin, ìyẹn jẹ́ ìbéèrè fún amòfin. Owó ìtanràn tí àjọ FRSC kọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò so bẹ́líìtì jẹ́ ₦2,000. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1993 yọ̀ǹda fún ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó má so ó. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda òfin kò yí ohun tí sítíárìn ń ṣe sí àyà padà, èmi kò sì ní gba ọkọ yín nímọ̀ràn láti lò ó, bí wọ́n tilẹ̀ fún un nírú rẹ̀ níbí.

Kí ó yọ irin pẹlẹbẹ yẹn kúrò kí ó sì sọ ọ́ nù. Airbag tó wà nínú sítíárìn, ìyẹn àpò tó ń kún fún atẹ́gùn lójijì, ni wọ́n ṣe láti bá bẹ́líìtì ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí kò so bẹ́líìtì yóò ti fò dé ojú àpò náà kí ó tó kún tán, àpò náà yóò sì gbá a lójú tàbí lọ́rùn.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, ó sì ṣe pàtàkì. Bẹ́líìtì tó ti di èèyàn mú nínú ìkọlù tó lágbára ti nà, okùn rẹ̀ lè má tún dúró lẹ́ẹ̀kejì. Kí ọkọ yín kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ ní àgọ́ wọn, kí ó sọ pé bẹ́líìtì àga awakọ̀ ti ṣiṣẹ́ nínú ìjàm̀bá, pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, kí wọ́n sì yẹ airbag wò, kí ẹnikẹ́ni tó tún wa Hilux náà jáde. Kí ó fi ẹ̀dà ìwé náà pamọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀.