Ẹnu Rẹ̀ Kì í Dákẹ́ Nílé, Kì í Sọ̀rọ̀ Nílé-Ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá, ó sì ti ń lọ sílé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí níbí ní Ìbàdàn. Àràárọ̀ ló ń sunkún. Á dì mọ́ mi láṣọ, àfi kí n fọgbọ́n sá mọ́ ọn lójú kí n tó lè lọ síbi iṣẹ́. Tíṣà rẹ̀ ní kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ó sì ti tọ̀ sára lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Yorùbá tí à ń sọ sí i nílé ló fà á, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nílé. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ayé àtijọ́ kì í sunkún ilé-ìwé. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún kan àtààbọ̀, ṣì wà lẹ́yìn mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìyá wa. Ẹ má fi Yorùbá sílẹ̀ o. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ ti ń gbìyànjú Gẹ̀ẹ́sì náà láti àná.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lójú ọmọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù fún un, wọ́n mú un lọ síbi tí kò mọ ẹnì kankan, ìyá rẹ̀ pòórá, èdè tó fi ń tọrọ omi kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Tó bá tún délé tí ẹ ti yí èdè padà, ta ni yóò ròyìn ọjọ́ rẹ̀ fún? Ọmọ tó bọ́ sáàárín èdè tí kò tíì yé e sábà máa ń dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù díẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń kó o jọ.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ èdè yìí wò nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tó ti mọ̀ pé ẹ̀ta ju èjì lọ ti mọ ìṣirò náà, orúkọ tuntun ló kù kó kọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, ẹ pa á lálọ̀ọ́: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ẹ jẹ́ kó wo ojú dúdú ara ẹ̀wà náà, kó kà á, kó bá yín jiyàn. Iṣẹ́ ilé-ìwé gidi nìyẹn.

Ní ti ìtọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ṣòkòtò rẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́líìtì tàbí bọ́tìnnì líle, ẹ wá onírọ́bà tó lè dá fà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ilé ìtọ̀ hàn án, kí ẹ̀yin náà bá a débẹ̀. Kí ẹ wá fi sùúrù bẹ tíṣà, ẹni tí ọmọ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, pé bí ọmọ yìí bá sọ pé “mo fẹ́ tọ̀” tàbí “òùngbẹ ń gbẹ mí”, kó gbà á bẹ́ẹ̀ títí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi dé. Ẹ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń sọ méjèèjì ní kíláàsì pẹ̀lú.

Sísá mọ́ ọn lójú ni mo fẹ́ kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́la. Mo mọ̀ pé àánú ló ń mú yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sá mọ́ lójú rí kò ní lè ṣeré mọ́, ó di kó máa ṣọ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sọ pé: “Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ máa jẹun, ẹ máa sùn díẹ̀, ẹ máa kọrin ìparí, màmá àgbà á sì wá mú ẹ.” Ẹni tó máa wá gan-an ni kí ẹ dárúkọ. Ẹ fà á lé tíṣà lọ́wọ́, ẹ sọ pé “ó dàbọ̀” lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa lọ. Ẹ má padà yọjú láti fèrèsé. Ẹkún náà lè le sí i fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni nílé má ṣe fi “màá sọ fún tíṣà ẹ kó nà ẹ́” dẹ́rù bà á. Ọ̀dọ̀ tíṣà yẹn la fẹ́ kó sá lọ bí ara bá ń ro ó.

Ìyá ọkọ yín kò parọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lóṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá tó kan etí kejì ni wọ́n ń gbà, bí ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ọmọ ìgbà náà àtàwọn ọmọ agboolé rẹ̀ ló jọ ń rìn lọ, Yorùbá ni tíṣà sì ń bá wọn sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni tiyín, òun nìkan ló sì dá lọ.

Àbúrò ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n máa rò pé nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn yín ni wọ́n ṣe gbé òun jáde nílé. Bí ẹ bá ti dé, ẹ gbé àbúrò fún màmá àgbà, kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má bi í pé kí ló kọ́ lónìí. Ẹ bi í pé ta ló jókòó tì í, kí ni wọ́n jẹ. Kó tètè sùn pẹ̀lú: oorun wákàtí 10 sí 13 ni ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ nílò lójúmọ́, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀.

Bí táàmù bá parí tí kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àní àwọn ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Bí etí rẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí tó ń sọ “kí lẹ wí?” ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n yẹ etí náà wò kíákíá. Bí ìtọ̀ bá ń ro ó tàbí ibà wà pẹ̀lú rẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan pàtó ló ń bẹ̀rù níbẹ̀, tàbí tí ẹ rí àpá lára rẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ìparí táàmù.