Kí ló pa á? Báwo ló ṣe kú? Òkú ta ni?

Ìbéèrè tí ẹnì kan bi mí ni pé, kí ni ìyàtọ̀ láàárín dókítà tó ń yẹ òkú wò àti kọ́rónà, àti pé ǹjẹ́ àwọn baba wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Kọ́rónà tí à ń wí kì í ṣe àrùn ọdún 2020 o, adájọ́ ni.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti pín iṣẹ́ náà. "Kí ló pa á?" ni ti dókítà, ẹni tó ń la àyà òkú ní mọ́ṣúárì, tó ń gbé ọkàn àti ẹ̀dọ̀ lé òṣùwọ̀n, tó sì ń gé díẹ̀ lára wọn sínú ìgò fún àyẹ̀wò. "Báwo ló ṣe kú?" ni ti kọ́rónà. Lábẹ́ òfin ọdún 2007 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn adájọ́ májísíréètì ló ń ṣe é. Wọn kì í rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n níbẹ̀, wọ́n kàn ń fìdí ẹni tó kú, ibi tó kú sí, ìgbà tó kú àti ọ̀nà tó gbà kú múlẹ̀ ni. Nígbà tí ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, tí ènìyàn 116 sì kú, iwájú kọ́rónà kan náà ni dókítà ti sọ ohun tó rí lára òkú, tí àwọn ẹnjiníà sì ti sọ̀rọ̀ nípa òpó ilé.

Bó bá wá ku egungun nìkan, ìbéèrè di "Òkú ta ni?" Onímọ̀ egungun ló ni ìyẹn: ó ń fi bí egungun ìbàdí ṣe fẹ̀ tó mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin, ó sì ń fi ìsopọ̀ orí egungun mọ ọjọ́ orí ọ̀dọ́.

Ní ti àwọn baba wa, babaláwo ni ẹbí ń bi ní "Kí ló pa á?", ṣùgbọ́n n kò ní fi í wé dókítà, nítorí òun kì í la òkú láti mọ ohun tó pa á. Ohun tí àṣà wa kà sí jù ni ẹni tó ni òkú. Ẹni tí odò bá gbé, etí odò ni wọ́n ń sin ín sí. Ẹni tí àrá bá pa, àwọn oníṣàngó ló ni ín. Ẹbí kò gbọ́dọ̀ sunkún, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi san ohun tí àwọn Mọ́gbà, ìyẹn àwọn àwòrò Ṣàngó, bá bù fún wọn. Àwọn Mọ́gbà yìí ló ń wọ inú ilé tí àrá ti sán láti hú ẹdùn àrá jáde nílẹ̀, òun sì ni ẹ̀rí wọn pé Ṣàngó ló pa á.