Èsì: Ẹ́ńjìnì Subaru nínú Beetle, jíà èwo lẹ máa lò?

Ẹ̀gbọ́n, jíà Beetle tẹ́ ẹ ní yẹn náà ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá so jíà Subaru mọ́ ọn bó ṣe wà, rìfáàsì ló máa pọ̀ jù, iwájú á wá ku ẹyọ kan, torí pé iwájú ni Subaru ń gbé ẹ́ńjìnì ẹ̀ sí, ti Beetle (ìjàpá) sì wà lẹ́yìn. Wọ́n lè tú u kí wọ́n yí inú ẹ̀ padà o, àmọ́ owó ńlá ni.

Adapter plate (irin pẹlẹbẹ tó máa so ẹ́ńjìnì mọ́ jíà) àti flywheel (irin roboto tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì) tó bá a mu lẹ máa rà. Ẹ́ńjìnì méjèèjì ló dùbúlẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń yí, ìyẹn ò ní yọ yín lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n EJ22 (irú ẹ́ńjìnì Subaru kan) tí ò ní turbo (ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i) ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ turbo, jíà àtijọ́ yẹn á fọ́ yángá.

Ibi tíṣẹ́ wà gan-an ni omi. Atẹ́gùn ló ń tu Beetle lára, Subaru ń fẹ́ rédíétọ̀, ẹ gbé e síwájú, kẹ́ ẹ fa páìpù gba abẹ́ mọ́tò, kẹ́ ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ ò há sínú ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbóná ṣáá.

Tẹ́ ẹ bá ń ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ náà, ẹ gba brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì) pẹ̀lú gbogbo wáyà ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e.