Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ màlúù kì í dì sí eégbọn lẹ́nu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní màlúù díẹ̀ lọ́wọ́ Fúlàní kan tó ń bá mi dà wọ́n. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé tí ọ̀bẹ bá gé mi lọ́wọ́, kì í pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, àmọ́ eégbọn á ki ẹnu bọ màlúù lára fún ọjọ́ gbọọrọ, á máa mu ún lọ, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dì. Ọmọ mi ní òun kà á pé wọ́n ti ń fi itọ́ eégbọn ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún màlúù. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni mo ti lè rí i rà? (Bàbá Ìbejì, Ìṣẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ẹran o. Énsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń bá ara ṣiṣẹ́, wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thrombin, puròtíìnì kan báyìí ló máa ń gé, èyí tó bá ti gé á di fọ́nrán tín-ín-tín-ín tó ń so ẹ̀jẹ̀ pọ̀, bó ṣe ń dì nìyẹn. Eégbọn wá ní puròtíìnì tiẹ̀ tó ń dí thrombin lọ́wọ́ iṣẹ́. Eégbọn aláràbarà tó pọ̀ lára màlúù lọ́dọ̀ wa ní ọ̀kan nínú itọ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ variegin, eégbọn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Rhipicephalus microplus ní tiẹ̀ tó ń jẹ́ boophilin, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ níkùn ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó mu má baà dì sí i nínú.

Nínú àwọn puròtíìnì eégbọn tó ń dí énsáìmù lọ́wọ́, àwọn tí mo kà sí ọ̀gá alárèékérekè ni wọ́n ń pè ní serpin. Bí ìgbà téèyàn fi ẹja gbígbẹ sẹ́nu pàkúté ni, serpin á na apá kan ara ẹ̀ síta, énsáìmù á gé e bó ṣe máa ń gé nǹkan, bó ṣe ń gé e báyìí ló há, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn pinpin, àwọn méjèèjì ò ní wúlò mọ́. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì nìkan o, wọ́n tún ń dá énsáìmù tí àwọn sójà ara màlúù ń tú jáde dúró, èyí tó yẹ kó jẹ́ kí ojú ibẹ̀ wú kó sì máa yún un, ni màlúù ò bá tètè fura.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wá ńkọ́? Òótọ́ wà níbẹ̀, kì í kàn ṣe bí ọmọ yín ṣe sọ ọ́. Láwọn ọdún 1990 ni Kúbà gbé Gavac jáde, Ọsirélíà náà gbé TickGARD jáde, àmọ́ puròtíìnì Bm86 tó wà nínú ìfun eégbọn ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe itọ́. Ní Brazil wọ́n ti dán àwọn puròtíìnì tó ń dí énsáìmù yìí wò lára màlúù, kò tíì dé ọjà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé serpin tí wọ́n ti rí lára Rhipicephalus microplus nìkan ṣoṣo lé ní 20, tẹ́ ẹ bá dí ọ̀kan, òmíràn á gba iṣẹ́ ẹ̀ ṣe.

Microplus yìí náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀ o, màlúù Girolando tí wọ́n kó láti Brazil wá sí Benin ni wọ́n gbà pé ó bá wọlé síbẹ̀, wọ́n sì ti rí i ní Nàìjíríà náà báyìí. Obìnrin ẹ̀ kan tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó lè yé ẹyin tó 2,000 sínú koríko, òògùn ò sì tètè ràn án mọ́. Torí náà ẹ sọ fún Fúlàní yín kó má fi òògùn kòkó fín ẹran o, kó má sì là á mọ́mi ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike lọ, torí eégbọn tí òògùn tó ṣàn ò bá pa, ọmọ ẹ̀ náà ò ní gbọ́ òògùn. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ivermectin, òògùn tó ń pa kòkòrò ara ẹran, lẹ gún un, ẹ bi dókítà ẹran iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dúró kẹ́ ẹ tó ta wàrà ẹ̀.