Ẹ Bi Wá: Kí Ni Ká Rà Bọ̀ Láti Òkè Himalaya?

Lóṣù yìí, ìbéèrè lórí Nepal àti àwọn ìlú tó yí òkè Himalaya ká ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ra ìborùn pashmina mẹ́ta bọ̀ láti Kathmandu, olú-ìlú Nepal, ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n fi òrùka dán an wò níṣojú rẹ̀, ó sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣé ojúlówó ni? Èmi náà fẹ́ lọ. (Láti Ìbàdàn)

Òrùka yẹn kò fi nǹkan kan hàn. Aṣọ yòówù tó bá fẹ́lẹ́ ló ń gba inú òrùka: ṣẹ́dà, viscose (òwú tí wọ́n fi igi ṣe), títí kan pọlisítà. Pashmina ni irun múlọ́múlọ́ tó ń hù sábẹ́ irun gidi ewúrẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní chyangra. Ní Changthang ní Ladakh, ní Íńdíà, níbi tó ga ju mítà 4,000 lọ, òtútù ló ń mú kí ewúrẹ́ hù ú. Bí ooru bá dé, wọ́n á fi òòyà yà á kúrò lára rẹ̀. Fọ́nrán kan kì í nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù 16 lọ, ìyẹn ìdá 16 nínú 1,000 mìlímítà kan. Irun orí ènìyàn sábà máa ń tó 70.

Iná ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ fa òwú kan yọ lára wajawaja, kí ẹ ṣáná sí i lórí àwo. Bó bá rùn bí irun tó jóná, tí eérú rẹ̀ rún wómúwómú lọ́wọ́ yín, irun ẹran tàbí ṣẹ́dà ni. Bó bá yọ́, tó di kóró líle, pọlisítà tàbí àkírílíìkì ni. Bó bá jó fòò, tó ń rùn bíi bébà, viscose ni, òun ló sì pọ̀ lórí igbá ní Thamel, àdúgbò ọjà àwọn arìnrìn-àjò ní Kathmandu.

Ibi tí wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ èèyàn mú nìyí: òwú tó gùn lóòró nìkan ló ń yọ jáde ní wajawaja. Èyí tí wọ́n hun gba ìbú lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Nítorí náà, ẹ fa ọ̀kan yọ ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà pẹ̀lú.

Iná kò lè ya irun ewúrẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irun àgùntàn o. Ojú àti ọwọ́ ló kù. Pashmina kì í dán. Bó bá ń kọ mọ̀nà, ṣẹ́dà tàbí viscose ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e lé ọrùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀: kò gbọdọ̀ máa yún yín, ó sì yẹ kó tètè móoru. Ìdá 70 pashmina pẹ̀lú ìdá 30 ṣẹ́dà kì í ṣe jìbìtì. Ó lágbára ju èyí tó jẹ́ pashmina nìkan lọ, a sì fara mọ́ ọn fún ẹni tó máa ń lo aṣọ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ìdá kọ̀ọ̀kan sórí rìsíìtì, kí ẹ sì wo ara rẹ̀ bóyá àmì Chyangra Pashmina ti Nepal wà níbẹ̀. Omi tútù àti ṣampúù díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fún un, ẹ má sì so ó kọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́lì títí yóò fi gbẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ shahtoosh sí yín létí, ẹ kúrò níbẹ̀. Irun ẹtu Tibet tí wọ́n ń pè ní chiru ni. Pípa ni wọ́n ń pa ẹran náà kí wọ́n tó rí i gbà, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, sì ti ka òwò rẹ̀ léèwọ̀ kárí ayé láti ọdún 1979.

Ẹ̀yin tiwa, mo fẹ́ ra abọ́ idẹ Himalaya tó ń dún (singing bowl) yẹn fún yàrá àdúrà mi. Wọ́n ní irin méje ló wà nínú rẹ̀. Mo ra kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dún dáadáa. (Láti Peckham)

Ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà ni irin méje yẹn. Nígbà tí wọ́n yẹ irú abọ́ bẹ́ẹ̀ wò, bàbà àti tánńganran (tin) ni wọ́n bá, bàbà tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Àwọn irin yòókù kò ju ìtọ́wò lásán lọ.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù máa ń ní ojú òòlù lára, ẹnu rẹ̀ kì í sì í rí bákan náà yíká. Èyí tí wọ́n dà sínú ẹ̀dà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí, máa ń dán, ẹ ó sì rí ìlà róbótó-róbótó nísàlẹ̀ inú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tiyín jẹ́ irú èyí. Àwòrán Búdà tí wọ́n fín sí i kò fi nǹkan kan kún ìró rẹ̀. Owó ló ń fi kún.

Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, ẹ gbé abọ́ náà lé e, kí ìka kankan má kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá tí wọ́n fi aṣọ wé lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dákẹ́. Abọ́ tó dára á máa dún lọ fún ìgbà pípẹ́, ìró rẹ̀ á sì máa ròkè rodò díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń kùn wìnnìwìnnì bíi pé nǹkan ń gbọ̀n nínú rẹ̀, ó ti sán níbì kan. Ẹ fi èékánná tọ ẹnu rẹ̀ yíká, ẹ ó rí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ọ̀pá yí ẹnu rẹ̀ ká. Apá ni kó máa rìn, kì í ṣe ọrùn ọwọ́, ẹ rọra, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyára ló sábà máa ń jẹ́ kí ọ̀pá máa ta pàrà lára abọ́.

Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta èyí tí wọ́n fọwọ́ lù, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n níwájú yín kí ẹ tó nájà. Ẹ má sì jẹ́ kó já bọ́: tánńganran tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń jẹ́ kó fọ́ bí àwo.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà. Mo rí iyùn pupa ńláńlá lọ́rùn àwọn obìnrin Tibet nínú fọ́tò. Ṣé mo lè lọ rà á wá tà? (Láti Abẹ́òkúta)

Ẹ má ṣe é. Kò sí òkun ní Tibet. Láti Òkun Mẹditaréníà ni iyùn wọn ti wá, ibẹ̀ kan náà tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń kó iyùn wá sí ilẹ̀ wa. Ojúlówó àtijọ́ wọ́n bí ojú níbẹ̀, èyí tó sì kún Thamel àti Boudha, àdúgbò mìíràn ní Kathmandu, jẹ́ ike, gíláàsì, tàbí iyùn funfun tí wọ́n pa láró. Ẹ wo inú ihò rẹ̀: bó bá funfun nínú tó sì pupa lóde, aró ni. Òwú tí ẹ rẹ sínú ásítóònù tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò á tún fi han yín. Ihò náà ni kí ẹ fi mọ òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní turquoise. Èyí tó pọ̀ lára ayédèrú rẹ̀ ni òkúta funfun, bíi howlite, tí wọ́n rẹ láró.

Ohun tó tọ́ sí yín ni rudraksha, kóró igi tó ń so ní ìlà oòrùn Nepal. Olójú márùn-ún (ojú ni ìlà tó gùn lára kóró náà) ló wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ ta olójú kan fún yín lówó ńlá, ẹ fura: wọ́n máa ń gbẹ́ ojú èké sí i, tàbí kí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ọlọ́jà kan ní Patan, ìlú tó wà nítòsí Kathmandu, ní ère idẹ tóun fẹ́ tà fún mi ti lé ní 200 ọdún. Ṣé kí n gbé e? (Láti Houston)

Bó bá ń parọ́, ó ti rẹ́ yín jẹ. Bó bá ń sọ òótọ́, ẹ ti rú òfin, nítorí Nepal kò gbà kí ohun tó ti lé ní 100 ọdún jáde. Òfin tó ń dáàbò bo nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ti wà láti 1956. Ní 1984, wọ́n jí òkúta òrìṣà Lakshmi-Narayana gbé ní Patan yìí kan náà. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Dallas ló dá a padà ní 2021. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò àlàyé lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ ra tuntun. Iṣẹ́ ìda ni, irú èyí tí wọ́n fi ṣe orí idẹ Ifẹ̀: wọ́n á fi ìda oyin mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù bò ó, wọ́n á tún fi amọ̀ àti èèpo ìrẹsì lé e, wọ́n á yọ́ ìda náà dànù, kí wọ́n tó da irin gbígbóná sí àyè rẹ̀. Wọ́n á fọ́ amọ̀ náà ni, nítorí náà ẹ̀dà kan kò lè bí méjì. Ẹ gbé e wò nísàlẹ̀ bóyá wọ́n fi nǹkan dí ihò. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe bàbà, kì í sì í ṣe idẹ.

Èyí tuntun tó bá jọ àtijọ́ nílò ìwé ẹ̀rí àti èdìdì láti Ẹ̀ka Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ramshah Path, Kathmandu. Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ á bá yín gbà á. Ẹ má fi dọjọ́ tí bàálù yín máa gbéra. Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Ṣé mo lè gbé ọ̀bẹ khukuri wọ bàálù?

Nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù nìkan, kí ẹ fi páálí nípọn wé ojú rẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ilé ni kó wà. Òfin wọn kò gbà kí ẹ máa mú un rìn ní ìgboro láìnídìí.

Ènìyàn 20 ló ń retí ẹ̀bùn, owó mi kò sì tó nǹkan. A tún ń lọ gun òkè láti Lukla.

Ẹ má ra nǹkan kan lókè. Bàálù Lukla sábà máa ń gba kílò 15 péré lọ́wọ́ ẹnì kan, báàgì ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Kathmandu ni kí ẹ ti rajà nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀.

Bébà lokta ló máa bá yín lára mu jù. Èèpo igi kékeré kan tó ń hù lókè ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń dà sórí férémù inú omi, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Wọ́n bá gé igi náà, á tún hù láti gbòǹgbò, kòkòrò kì í sì í jẹ bébà náà. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré 20 kò ní wúwo jù. Ẹ ká àwọn tó jẹ́ abala ńlá yí páìpù páálí ká, ẹ má ṣẹ́ wọn, torí ojú ìṣẹ́ kì í parẹ́.